Bámidélé: Àwọn Ìyá Wa ní Gánà àti Ìrìn Àjò Ọdún

Orúkọ mẹ́ta wà tí n kì í gbọ́ kí ọkàn mi má sáré lọ sí ilẹ̀ Gánà: Bámidélé, Abíọ́nà àti Abíọ́dún. Kì í ṣe pé Gánà ni àwọn orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá o. Àwọn Yorùbá ti ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa. Bámidélé ni ọmọ tí a bí sí àjò, tí àwọn òbí rẹ̀ ń rọ̀ pé kí ó bá àwọn délé. Abíọ́nà ni èyí tí ìrọbí rẹ̀ mú ìyá lójú ọ̀nà. Abíọ́dún ni èyí tí ó bọ́ sí àsìkò ọdún, nígbà tí àwọn ará àjò ń wálé. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí mo bá bi àwọn tí ó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí nínú ẹgbẹ́ mi àti nínú àwọn tí ó ṣáájú mi léèrè bí orúkọ náà ṣe kàn wọ́n, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń dé Kumasi, Tamale tàbí Accra. Èmi náà ní ọ̀kan nínú wọn. Kumasi ni wọ́n bí mi sí ní ọdún 1966, Bámidélé sì ni orúkọ tí ìyá mi fún mi.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí àwọn Yorùbá tí ó lọ ṣòwò sí Gánà, iṣẹ́ wọn kò sì kéré. Ní ọdún 1993 ni J. S. Eades gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Gánà. Niara Sudarkasa, obìnrin aláwọ̀dúdú ará Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn obìnrin ọlọ́jà ìlú Àwẹ́ jáde ní ọdún 1973, náà kọ̀wé lórí àwọn Yorùbá tí ó wà ní Gánà. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí ètò ọjà, bí ẹbí ṣe ń fa ẹbí lọ sí àjò, àti ohun tí òfin ìjọba fi ojú àwọn oníṣòwò rí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín wà lábẹ́ gbogbo ìyẹn. Obìnrin kan wà ní ìlú onílùú. Ó ń tajà, ó ń dáná, ó ń bímọ, ó sì ń tọ́ wọn láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Báwo ni ó ṣe ń ṣe é tí àwọn ọmọ náà fi ń ní ilé? Èrò tèmi ni pé ìrìn àjò ọdún ni ó fi ń ṣe é, àti pé iṣẹ́ ni ìrìn àjò yẹn, iṣẹ́ tí ó nira ju ti ọjà lọ. A kò mọ iyì iṣẹ́ náà títí ìparí ọdún 1969 fi dé.

Kí ọ̀nà mọ́tò tó là, ẹsẹ̀ ni àwọn aṣáájú fi rìn ín. Wọn a di aṣọ òfì lérù, wọn a gba Ṣakí àti ilẹ̀ àwọn Bàrùbá lọ sí Djougou, wọn a sì gba ibẹ̀ bọ́ sí àríwá ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, tí ọ̀nà etí òkun sì ṣeé gbà, àwọn ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọkọ wọn, àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn àǹtí wọn. Ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé àwọn Yorùbá tí ó wà ní Gánà lé ní 100,000, nínú orílẹ̀-èdè tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù méje. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó kó wọn jọ. Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìgbẹ̀tì, Ìgbòho, Ṣakí: láti inú irú ìlú wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ wọn ti jáde. Ẹnìkan a lọ, a rí ọ̀nà, a fa àbúrò lọ, àbúrò a fa ìyàwó àti ọmọ ẹ̀gbọ́n. Àwọn Akan a máa pè wọ́n ní Alátà. Àwọn ọmọ adẹ́rìn-ín-pòṣónú ilé wa ní nítorí ata tí àwọn ìyá wa ń tà ni, ṣùgbọ́n àwọn onítàn so orúkọ náà mọ́ ìlú Àlàdá ní ilẹ̀ Dahomey àtijọ́, ó sì ti wà ní Accra kí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbé igbá ata kalẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ó mú kí àjò yẹn rọrùn, tí a kì í sábà rántí. Owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Ìbàdàn àti ní Kumasi. Títí Gánà fi ṣe owó tirẹ̀ ní ọdún 1958, tí Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1959, ṣílè kan náà ni ìyá ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà ní ọjà Kumasi tí ó sì fi ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Òkè Ògùn. Ẹni tí a bá fi owó rán kò ní láti ṣẹ́ ẹ.

Ilé tí ìyá mi ń gbé ní Kumasi wà ní Zongo, àdúgbò tí wọ́n ń fi àwọn àlejò sí. Yàrá méjì ni wọ́n gbà. Bàbá mi àti ọjà bàbá mi wà nínú ọ̀kan, ìyá mi, àwọn ọmọ àti ọjà ìyá mi wà nínú ìkejì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ka ọjà mọ́ àwọn tí ń gbé inú yàrá, nítorí bí ìyá mi ti máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọjà tirẹ̀ kò papọ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀, owó rẹ̀ náà kò papọ̀. Bí ó ti rí láàárín àwọn obìnrin Yorùbá nílé ni ó rí lọ́hùn-ún. Àwọn ohun wẹ́wẹ́ ni ó ń tà: òwú, abẹ́rẹ́, òòyà, dígí, ìlẹ̀kẹ̀, ọṣẹ. Nígbà tí ó yá ni ó fi abọ́ tánganran kún un.

Agogo márùn-ún ìdájí ni ilé ń jí. Ìyá ni yóò da iná, yóò po ẹ̀kọ ọmọ, yóò pín ọjà sínú àtẹ fún àwọn ọmọ tí ó ti tó kiri, yóò sì ka iye rẹ̀ sí wọn létí. Àwọn tí ó ń lọ sí ilé-ìwé a kiri kí wọ́n tó lọ, wọn a tún kiri nígbà tí wọ́n bá dé. Mo mọ̀ pé bí a bá kọ irú èyí sílẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn yóò ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ. N kò ní bá a jà. Mo kàn ń sọ pé níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ìṣirò, kì í ṣe níwájú tíṣà.

Èdè mẹ́rin ni ọmọ ọdún mẹ́jọ ń sọ nínú ilé yẹn. Ó ń sọ Yorùbá fún ìyá rẹ̀, ó ń sọ Haúsá fún àwọn ọmọ Zongo, ó ń sọ Twi lọ́jà, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, ó yẹ kí n yin èyí, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò yìn ín. Ohun tí ó ń kó o láyà sókè ni pé àwọn ọmọ ń fi Twi lá àlá. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lóru. Ó ní ọmọ tí ó bá ń fi èdè onílé lá àlá, ilé onílé ni yóò jí sí.

Láti inú ẹ̀rù yìí ni àṣà kan ti jáde tí ó wọ́pọ̀ láàárín wọn. Wọn a pín àwọn ọmọ sí méjì. Àwọn kan a wà lọ́dọ̀ ìyá ní Gánà, àwọn kan a wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé. Àwọn kan ti ní nítorí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni, nítorí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. N kò rò pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìjọba Nkrumah ti mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní Gold Coast láti ọdún 1952, ọdún mẹ́ta ṣáájú tiwa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ni, Kumasi ni à bá fi àwọn ọmọ sí. Ohun tí wọ́n ń wá wálé kò sí nínú ìwé. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ ìdílé rẹ̀, kí ó mọ ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún ní òwúrọ̀, kí ìyá àgbà máa ki í ní oríkì títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, ni wọ́n fi sílẹ̀ báyìí. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin ní ọdún tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìyá ìyá wa. Lọ́dún kejì tí ìyá mi dé, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà. Ó di aṣọ rẹ̀ mú. Ìyá àgbà ní kí ó lọ kí Màmá rẹ̀, ó ní, 'Màmá, ẹ̀yin kọ́ ni Màmá mi?' Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń pe ìyá tí ó bí i ní Àǹtí. Wọn kò lù ú nítorí rẹ̀. Ìyá àgbà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní ọmọ kì í gbàgbé omú. Ìyá mi sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó ń sọ èyí fún mi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín. Kò tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Òun nìkan kọ́. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan tí wọ́n ń pe ìyá wọn ní 'Ìyá Gánà' títí ó fi kú. Gbèsè yìí kò sí nínú ìwé ìṣirò oníṣòwò kankan.

Nítorí ọmọ tí ó wà nílé yìí ni ìrìn àjò ọdún kò fi ṣeé pa jẹ. Àwọn Mùsùlùmí a máa wá fún Iléyá, àwọn Kìrìsìtẹ́nì a máa wá fún Kérésìmesì. Èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún kí ènìyàn kúrò nílé lọ sinmi níbòmíràn. A ní ọ̀rọ̀ fún àjò, a ní ọ̀rọ̀ fún àbọ̀, a sì gbà pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Fún àwọn ìyá wọ̀nyí, ibi tí wọ́n ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí ni oko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ọdún ni ilé.

Láti oṣù kẹta ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èésú tí ìyá mi ń dá, ìparí oṣù kọkànlá ni ó máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àkókò kíkó tirẹ̀ bọ́ sí. Ó ń ra aṣọ ẹ̀yẹ kan fún ìyá rẹ̀, ọ̀kan fún ìyá ọkọ. Ti ìyá ọkọ ni ó gbọ́dọ̀ wọ́n jù. Ó ń ra abọ́ fún àwọn ìyàwó ilé, ọṣẹ fún àwọn ọmọdé, nǹkan kan fún ẹni tí ó bá wọn wo ọmọ. Nígbà tí ó bá ń padà, èlùbọ́, irú àti ẹ̀gúsí ni yóò kún inú àpò kan náà. Ó ní irú tí wọ́n ń tà ní Kumasi kò rùn tó.

Láti Kumasi sí Accra jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà, láti Accra sí Èkó sì jẹ́ nǹkan bí 460, ṣùgbọ́n kì í ṣe kìlómítà ni wọ́n fi ń ka ọ̀nà yẹn. Ibodè ni wọ́n fi ń kà á. Mẹ́ta ni: láti Gánà bọ́ sí Togo ní Aflao, láti Togo bọ́ sí Dahomey, àti láti Dahomey bọ́ sí Nàìjíríà ní Ìdìrókò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti la Àjàṣẹ́ tí àwòrán ilẹ̀ ń pè ní Porto-Novo kọjá. Aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ́bodè Faransé, Faransé lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó tó wá kan Gẹ̀ẹ́sì. Ní gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti orí bọ́lẹ̀kájà. Kí wọ́n tó ṣí afárá Sogakope ní ọdún 1967, odò Volta pàápàá dà bí ibodè kẹrin. Ọkọ̀ omi ni ó ń gbé mọ́tò sọdá, bí mọ́tò bá sì pọ̀ ní àkókò ọdún, etí odò ni èrò yóò sùn. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ. Ìyá mi ní etí odò yẹn ni òun ti bá obìnrin ará Ìnísà kan pàdé tí àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ títí ikú fi yà wọ́n, láìjẹ́ pé wọ́n gbé ìlú kan náà rí. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá ara wọn níbi tí mọ́tò bá ti tò.

Àwọn Abíọ́nà mìíràn, àárín àwọn ibodè wọ̀nyí ni wọ́n bí wọn sí. Ẹni tí kò mọ̀ lè béèrè pé kí ni aláboyún ń wá lórí bọ́lẹ̀kájà. Òun gan-an ni ó ní ìdí jùlọ láti wà níbẹ̀. Ó fẹ́ bímọ sílé, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí wọ́n fún ọmọ náà ní gbogbo ohun tí ó tọ́ sí i ní ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀nà ni kò jẹ́ kí ó débẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira Gánà ní ọdún 1957, ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Owó ti yapa. Ní ọdún 1961, ìjọba Nkrumah ṣe òfin tí ó dín bí ènìyàn ṣe lè kó owó jáde kù, ní ọdún 1965 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó cedi. Ìgbà kan wà tí Gánà àti Togo ń bínú sí ara wọn, tí ibodè àárín wọn sì wà ní títì. Àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ òṣèlú. Àwọn obìnrin ń ronú bí èrè ọdún kan yóò ṣe dé ilé nígbà tí kò ṣeé kó lówó. Wọ́n sọ ọ́ di aṣọ, wọ́n sọ ọ́ di wúrà etí àti ti ọrùn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ sọ́rùn kọjá. Ìyá tí ó ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹ̀gbà mẹ́ta lọ́rùn, tí àwọn ará ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Gánà ti kó ìgbéraga sí i lára, báńkì rẹ̀ ni ó gbé kọ́rùn.

Bí wọ́n bá délé, kí ni wọ́n ń ṣe? Mo ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ìyá mi pé ọjọ́ wo ni ó máa ń sinmi nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni ti ìkíni, ilé ọkọ ṣáájú, ilé bàbá tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kejì ni ti àwọn tí ó kú nígbà tí òun kò sí, ilé kan sí òmíràn, ẹkún níbi kan, owó níbi gbogbo. Ìpàdé ẹbí wà, ìpàdé ẹgbẹ́ parapọ̀ wà, gbèsè àjọ wà láti san. Ó gbọ́dọ̀ wo ibi tí ilé tí wọ́n ń kọ́ dé, kí ó sì bá kọ́ngílá jà. Ó gbọ́dọ̀ mú àwọn ọmọ tí ó bá a wá lọ́wọ́, kí ó fi wọ́n han àwọn àgbà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n gbọ́ orúkọ ara wọn lẹ́nu ẹni tí ó ń kú lọ. Ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, ìdí ààrò ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ yìí, ó yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Àwọn tí ó wà nílé a máa fi àwọn ará Gánà ṣẹ̀sín pé wọ́n kọ́ ilé fún eku gbé. Òótọ́ ni pé ilé náà a wà ní títì fún oṣù mọ́kànlá. Àwa ọ̀mọ̀wé pàápàá kò ṣàìbá wọn sọ ọ́ pé owó tí à bá fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. N kò gbà. Obìnrin tí ó bá ń gbé yàrá kan ní Zongo pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó ra bíríkì ránṣẹ́ sílé. Ó ń ra àyè ìjókòó fún àwọn ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìyàwó mìíràn tí kò kúrò nílé rí. Ẹni tí kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ kì í rí èyí tí ó dára gbà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1968, ìjọba ológun Gánà ṣe òfin kan tí ó fi àwọn òwò kéékèèké kan sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ rò pé yóò rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí oyè, pa àṣẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aliens Compliance Order. Àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un láti gbà á tàbí kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò ní ìwé kankan. Wọn kò rò pé wọ́n nílò rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn, Gánà ni wọ́n bí bàbá wọn sí.

Ìyá mi ta abọ́ tánganran tí ó kó fún ọdún kan ní iye tí kò tó owó àwo mẹ́wàá. Àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó yẹra fún un, àwọn kan nínú wọn sì wá lóru, wọ́n sọkún, wọ́n san án. Ó máa ń sọ méjèèjì pọ̀, kì í fi ìkan sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan lójú ọ̀nà gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gánà, tí àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe púpọ̀ nínú gbígbìn rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo láàárín oṣù kan. Ó wà nínú ìtàn ìjọ náà títí di òní bí àga ṣe wà tí kò sí ẹni tí yóò jókòó lé e.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, n kò ní ṣe òdodo. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà pàṣẹ kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé ní ọdún 1979 pé ará orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Àpò oníkíbo tí àwọn obìnrin Gánà fi kó ẹrù wọn ni a sọ ní 'Ghana Must Go', a sì ń fi orúkọ yẹn ra àpò lọ́jà títí di òní láìronú ẹni tí ó gbé e. Ìyá mi kì í pè é bẹ́ẹ̀. 'Àpò ńlá' ni ó ń pè é.

Ọ̀nà náà kò sì parẹ́. Àwọn ará Èjìgbò tẹra mọ́ Abidjan, ọkọ̀ sì ń ti Èjìgbò lọ tààrà sí ibẹ̀. Bí o bá dé ìlú yẹn ní ìparí ọdún, ìwọ yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ìyá wọn ń fà lọ́wọ́ láti ilé kan dé òmíràn, tí ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dọ̀bálẹ̀.

Mo sọ níṣàájú pé a kò mọ iyì ìrìn àjò ọdún títí 1969 fi dé. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyí. Àwọn tí ó dé ní oṣù kejìlá yẹn kì í ṣe irú kan náà. Àwọn kan wà tí wọn kò wálé fún ogún ọdún. Ẹrù wọn wà níta, wọ́n ń béèrè ilé bàbá wọn lọ́wọ́ ọmọdé. Àwọn ọmọ wọn dúró tì wọ́n, wọn kò mọ irú ìkíni tí ó yẹ. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ dúró; Èkó ni wọ́n gbà lọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn wà di òní. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìyá wọn ti ń wọ́ wálé lọ́dọọdún, tí ọrùn wọn ti ro lábẹ́ ẹrù ẹ̀bùn, yàrá wọn wà, orúkọ wọn wà lẹ́nu àwọn àgbà, kọ́kọ́rọ́ ilé eku sì wà ní ìdí aṣọ ìyá wọn.

Kódà, ó pẹ́ kí àdúgbò wa tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ilé tiwa. Oṣù kejìlá ni wọ́n ti ń rí wa lọ́dọọdún. Wọ́n rí ìyá mi tí ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wa, wọ́n ní, 'Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìrìn.' Ó dá wọn lóhùn. Ó lọ kí ilé ọkọ ṣáájú, ilé bàbá tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ìdí ààrò ni ó wà.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo jẹ́, nítorí náà ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó ní ọdún tuntun ti wọlé dáadáa, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, òun wà ní ẹ̀yìnkùlé, òun ń fọ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá a níbẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ó ti ká ẹní tí a ń sùn lé, ó ti fi okùn dì í pọ̀ mọ́ àpò èlùbọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń bá wọn di ẹrù nígbàkigbà tí ọdún bá parí. Ó gbé e kalẹ̀.

'Àǹtí,' ó ní, 'ó ti pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ ti lọ. Ìgbà wo lẹ máa lọ?'

Ìyá mi nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà.